Kí Ló Wà Níwájú "Jù"? Bí Àwọn Orílẹ̀-Èdè Ṣe Ń Ka Àṣeyọrí Nínú Ìdíje Eré Ìdárayá

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2024, ní pápá ìṣeré Alassane Ouattara tó wà ní Ebimpé, ní agbègbè Àbíjàn, Côte d'Ivoire na Nàìjíríà ní ayò méjì sí ẹyọ kan, wọ́n sì gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. William Troost-Ekong ló kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún wa ní ìṣẹ́jú 38. Franck Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú 62, Sébastien Haller sì parí ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú 81. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà, ohun tí wọ́n sọ kò ju "wọ́n nà wá" lọ. Ní Èjìgbò, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ Èjìgbò: olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, Ògìyán sì ni oyè ọba wọn. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ará ìlú náà àti ti àwọn ìlú tó yí i ká, bíi Másífà àti Ìfẹ́-Ọ̀dàn, ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, pàápàá ní Treichville ní Àbíjàn, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Ànàgó. Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Àbíjàn tààrà. Owó CFA kì í ṣe àjèjì nínú ọjà wọn, Faransé náà kì í ṣe èdè ilé ìwé nìkan níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville, tí wọ́n wá rán wálé pé kó wá kàwé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, lè jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì kọjá Òṣogbo rí. Nígbà tí Côte d'Ivoire bá ń bá Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù, ilé kan náà ló máa ń pín sí méjì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé àṣekágbá yẹn, mo gbọ́ àríyànjiyàn kan nínú ọjà tó ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Ìyá kan tó ń ta aṣọ, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Àbíjàn, ló ní:

"Ẹ dákun, ẹ̀ẹ̀mejì la pàdé wọn. Àwa la kọ́kọ́ nà wọ́n, àwọn náà wá nà wá. Ọ̀mì ni."

Ọlọ́kadà kan tó ń dúró de èrò dá a lóhùn pé: "Màmá, ẹ má bínú o. Ife ẹyọ kan ni wọ́n gbé jáde, kì í ṣe méjì."

Mo lọ ka àwọn èsì náà nígbà tí mo délé, mo sì rí i pé àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kìíní, nínú ìpele àkọ́kọ́, Nàìjíríà ti na Côte d'Ivoire ní ẹyọ kan sí òdo, nílé wọn. Tí a bá pa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ayò méjì-méjì ni lóòótọ́. Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Nàìjíríà pàdánù, èyí tó kẹ́yìn. Côte d'Ivoire pàdánù méjì, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni èyí tí Equatorial Guinea ti nà wọ́n ní mẹ́rin sí òdo lójú àwọn ará ilé wọn. Láìka bọ́ọ̀lù pẹ́nátì tí wọ́n fi ń yanjú ọ̀mì, ayò mẹ́jọ ni Nàìjíríà gbá wọlé, mẹ́jọ náà ni Côte d'Ivoire gbá wọlé. Mẹ́rin ló wọ àwọ̀n tiwa. Mẹ́jọ ló wọ tiwọn. Troost-Ekong ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje náà.

Côte d'Ivoire gan-an ì bá ti padà sílé lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́. Ipò kẹta ni wọ́n wà pẹ̀lú máàkì 3. Wọ́n ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jean-Louis Gasset, kí wọ́n tó gbọ́ pé wọ́n wà lára àwọn mẹ́rin tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kẹta, tí òfin ìdíje sì gbà láyè láti tẹ̀síwájú. Emerse Faé tó jẹ́ igbákejì Gasset ló gba ẹgbẹ́ náà, òun ló sì gba ife. Tí ẹ bá tún fẹ́ ka gbogbo ìgbà tí ife náà ti wà, Nàìjíríà ti gbà á ní 1980, 1994 àti 2013. Côte d'Ivoire ti gbà á ní 1992, ní 2015, àti ní ti 2024 yìí. Mẹ́ta-mẹ́ta.

Ibi tí ẹ̀kọ́ tiwa ti wọ ọ̀rọ̀ náà rèé. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ ṣe àfiwé, a máa lẹ mọ́fíìmù mọ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe la máa ń tò tẹ̀lé ara wọn, èyí tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀:

Ṣadé ga ju Bọ́lá lọ.
Ṣadé lówó ju Bọ́lá lọ.
Ṣadé sáré ju Bọ́lá lọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ ló ń sọ ohun tí a fi ń wọ̀n wọ́n. "Jù" àti "lọ" ń sọ ẹni tó kọjá. Ẹ yọ ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ kúrò, ó ku "Ṣadé ju Bọ́lá lọ". Gbólóhùn náà ṣì dúró, Yorùbá gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ ni yóò fi ọpọlọ ara rẹ̀ wá èyí tó sọnù: ṣé ọjọ́ orí ni, àbí gíga, àbí agbára? Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí tẹ́lẹ̀, ọjọ́ orí ni yóò mú.

Irú gbólóhùn yìí ni tábìlì eré ìdárayá jẹ́. Ó ń sọ fún wa pé orílẹ̀-èdè kan ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ ti bọ́ sọnù. Ìyá aláṣọ fi "gbá bọ́ọ̀lù wọlé" síwájú "jù". Ọlọ́kadà fi "gba ife" síbẹ̀. Wọn ò jiyàn lórí òótọ́ kankan rárá. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n mú díẹ̀ nínú àwọn tábìlì tí gbogbo ayé ń wò, kí n sì wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó bọ́ lára wọn. Kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán o. Owó ìjọba ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, àwọn eléré kan sì wà tí ebi ń pa nítorí rẹ̀.

Ìṣòro kékeré kan wà nínú èdè wa tó yẹ ká kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. "Góòlù" la ń pe bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n, "góòlù" náà la ń pe àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló di ọ̀kan lẹ́nu wa, nítorí Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í to méjì pọ̀. /d/ tó wà ní ìparí ọ̀kan bọ́ dànù, fáwẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ìparí méjèèjì, wọ́n sì di ìbejì. Tí oníròyìn bá ní "Nàìjíríà gba góòlù méjì", ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò lè rò pé ẹnìkan ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa lẹ́ẹ̀mejì. Wúrà ni n ó máa kọ láti ibí lọ.

Nínú tábìlì Òlíńpíìkì tí a mọ̀ jù, wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí wúrà orílẹ̀-èdè méjì bá dọ́gba, wọ́n á wo fàdákà. Bí fàdákà náà bá dọ́gba, wọ́n á wo idẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ìwé atúmọ̀ èdè á ti mọ ètò yìí, nítorí bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ ní a, b, d nìyẹn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń pàṣẹ. Kò sí lẹ́tà tó lè tẹ̀lé "b" tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà ṣíwájú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a". Bákan náà, kò sí iye fàdákà tó lè ra wúrà ẹyọ kan.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Paris ní ọdún 2024. Íńdíà gba àmì-ẹ̀yẹ 6, fàdákà 1 àti idẹ 5. Pakísítàn gba ẹyọ kan péré, wúrà tí Arshad Nadeem gbà nígbà tó ju ọ̀kọ̀ dé mítà 92.97. Pakísítàn ló wà lókè nínú tábìlì. Neeraj Chopra, ọmọ Íńdíà, ló ṣe ipò kejì nínú ìdíje ọ̀kọ̀ yẹn kan náà, fàdákà rẹ̀ sì ni ẹyọ kan tí Íńdíà ní.

Àwa náà ti jàǹfààní ètò yìí rí. Ní Atlanta ní ọdún 1996, Chioma Ajunwa fò jìnnà dé mítà 7.12, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó gba wúrà Òlíńpíìkì fún Nàìjíríà. Ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí Nwankwo Kanu jẹ́ balógun wọn na Brazil ní mẹ́rin sí mẹ́ta, wọ́n tún na Argentina ní mẹ́ta sí méjì nínú àṣekágbá, wúrà kejì nìyẹn. Pẹ̀lú fàdákà 1 àti idẹ 3, àmì-ẹ̀yẹ wa jẹ́ 6. Great Britain, tí àwa ń pè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba 15, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ wúrà nínú rẹ̀, ti Steve Redgrave àti Matthew Pinsent tí wọ́n wa ọkọ̀ ojú omi. Ipò 36 ni wọ́n wà, àwa wà lókè wọn. Ẹ fi "gba wúrà" síwájú "jù": Nàìjíríà ju ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹ fi "gba àmì-ẹ̀yẹ" síbẹ̀: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju Nàìjíríà lọ, tiwọn lé ní ìlọ́po méjì tiwa.

Nǹkan mìíràn tún wà nínú wúrà bọ́ọ̀lù yẹn. Agbábọ́ọ̀lù 18 ló wà nínú ikọ̀ náà. Yorùbá ní ọ̀nà méjì láti sọ ohun tí wọ́n gbà. "Wọ́n gba wúrà kan" jẹ́ ọ̀kan, "wọ́n gba wúrà kọ̀ọ̀kan" jẹ́ òmíràn. Lọ́rùn àwọn agbábọ́ọ̀lù, "kọ̀ọ̀kan" ni. Nínú tábìlì, "kan" ni. Ẹnìkan tó wẹ̀ ní Atlanta lè gba wúrà mẹ́ta fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, kó sì jù gbogbo ikọ̀ bọ́ọ̀lù kan lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè tó bá mọ èyí, tó sì fẹ́ gòkè nínú tábìlì, kò ní náwó lórí bọ́ọ̀lù. Yóò náwó lórí odò ìwẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi, níbi tí wúrà ti pọ̀ tí èrò kò sì pọ̀.

Ta ló wá ní kí wúrà máa ṣáájú? Òfin kẹfà nínú ìwé òfin Òlíńpíìkì sọ pé àwọn eléré ló ń bá ara wọn díje, kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Àwa oníwòran, àwọn oníròyìn àti àwọn ìjọba la sọ ọ́ di ogun. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá kì í sábà tẹ̀lé ètò wúrà yìí. Ní Beijing ní ọdún 2008, Ṣáínà ló gba wúrà jù, Amẹ́ríkà ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ló wà lókè tábìlì. Ní Paris, wúrà àwọn méjèèjì dọ́gba ní 40. Fàdákà 44 sí 27 ló gbé Amẹ́ríkà lékè, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ 126 nígbà tí Ṣáínà gba 91, nítorí náà kò sí ìjà lọ́dún yẹn.

Àwọn kan á ní kò bójú mu láti fi orílẹ̀-èdè ńlá wé kékeré, pé iye ènìyàn ló yẹ ká fi pín in. Níbí ni Èjìgbò ti lè ràn wá lọ́wọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 132,641 ni wọ́n kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èjìgbò. Grenada, erékùṣù kan ní òkun Karíbíánì, kò tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Idẹ méjì ni wọ́n gbà ní Paris, Anderson Peters nínú ọ̀kọ̀ jíjù àti Lindon Victor nínú ìdíje eré mẹ́wàá. Saint Lucia, tí ènìyàn rẹ̀ tó nǹkan bí 180,000, gba wúrà àti fàdákà lẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Julien Alfred, tó sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 10.72. Dominica tún kéré jù wọ́n lọ, ní nǹkan bí ìdajì Èjìgbò, Thea LaFond sì gba wúrà fún wọn. Ẹ fojú inú wò ó pé ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ lọ sí Òlíńpíìkì, ó sì gba wúrà bọ̀. Nàìjíríà tó ju 200 mílíọ̀nù lọ lọ sí Paris yẹn pẹ̀lú eléré tó lé ní 80, a kò gba ẹyọ kan. Côte d'Ivoire tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà wa gba idẹ kan, ti Cheick Sallah Cissé nínú taekwondo, ẹni tó ti gba wúrà kan ṣoṣo tí orílẹ̀-èdè náà ní, ní Rio ní ọdún 2016.

Mi ò fara mọ́ ìpín yìí pátápátá ṣá. Ẹni mẹ́ta ni orílẹ̀-èdè kan sábà máa ń lè mú wá sínú eré ìje kan, ikọ̀ kan ṣoṣo ló sì lè mú wá sínú bọ́ọ̀lù. Tí a bá jẹ́ 200 mílíọ̀nù tàbí bílíọ̀nù kan, ẹni mẹ́ta náà ni. Tábìlì tó ń fi ènìyàn pín àmì-ẹ̀yẹ máa ń gbé erékùṣù sókè lọ́dọọdún, nítorí ẹni kan tó bá yọrí ní erékùṣù ti tó láti gbé gbogbo ìlú. Kò sọ fún wa bóyá wọ́n ní pápá tó dára tàbí olùkọ́ tó mọṣẹ́. Tí a bá fẹ́ fi ojú yìí wo Nàìjíríà, Botswana ni kí a fi wé ara wa. Ènìyàn bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ni wọ́n. Letsile Tebogo gba wúrà 200 mítà fún wọn ní Paris ní ìṣẹ́jú àáyá 19.46, òun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún gba fàdákà 4x400. Nínú eré sísá náà ni, èyí tí àwa ń pè ní tiwa.

Iye ènìyàn tún ń bi wá léèrè pé àwọn wo gan-an là ń kà. Netherlands ni wọ́n bí Troost-Ekong sí, London ni wọ́n bí Ademola Lookman sí. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí Haller tó gba ife lọ́wọ́ wa sí, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ Faransé kó tó di ti Côte d'Ivoire. Tí ọmọ Èjìgbò kan tí wọ́n bí sí Treichville bá di gbajúmọ̀ eléré lọ́la, ìwé ìrìnnà tó bá mú lọ́wọ́ ni tábìlì máa wò. Ìdílé rẹ̀ ní Èjìgbò yóò kà á síhìn-ín, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Àbíjàn yóò kà á sọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó máa purọ́ nínú wọn.

Ọ̀nà ìwọ̀n kan kù tí kì í hàn nínú tábìlì kankan: ohun tí a retí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di òwò. Lẹ́yìn ìtìjú Atlanta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da owó tẹ́tẹ́ orílẹ̀-èdè wọn sínú eré ìdárayá, ilé iṣẹ́ UK Sport sì ń pín in fún eré kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ṣe gbà pé yóò mú àmì-ẹ̀yẹ wá tó. Ní Rio ní ọdún 2016, wọ́n gba wúrà 27 àti àmì-ẹ̀yẹ 67, wọ́n ṣe ipò kejì ní gbogbo ayé. Láti ipò 36 sí ipò kejì láàárín ogún ọdún! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Àwọn tó ń gbá badminton gba idẹ kan ní Rio yẹn, ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n sì ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, UK Sport gba gbogbo owó wọn fún ọdún mẹ́rin tó ń bọ̀, nítorí wọn ò rí i pé àmì-ẹ̀yẹ lè ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí "gba àmì-ẹ̀yẹ" jókòó síwájú "jù", gbogbo eré tí wọn ò rò pé ó lè gba àmì-ẹ̀yẹ di ẹrù.

Tiwa yàtọ̀, ó sì tún dà bíi rẹ̀. Lẹ́yìn Paris, mínísítà eré ìdárayá ìgbà náà, John Enoh, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Òdo la gbà, ó sì yẹ kó tọrọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Paris kan náà ni D'Tigress, àwọn obìnrin wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n, ti dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Kò sí ikọ̀ bọ́ọ̀lù agbọ̀n kankan láti Áfíríkà, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tó dé ibẹ̀ rí ní Òlíńpíìkì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Rena Wakama, ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí èyí tó dára jù nínú ìdíje àwọn obìnrin náà. Nínú tábìlì, òdo ni. Ẹni tó ṣe ipò karùn-ún àti ẹni tí kò wá rárá, òǹkà kan náà ni wọ́n ní. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn eléré wa tó jẹ́ akanda ẹ̀dá lọ sí Paralympics ní Paris kan náà, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ 7, wúrà 2 wà nínú rẹ̀, ti Folashade Oluwafemiayo àti Onyinyechi Mark tí wọ́n gbé irin. Síbẹ̀, "a kò gba nǹkan kan ní Paris" ni gbólóhùn tí mò ń gbọ́ títí di òní. Nínú gbólóhùn yẹn, "a" ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Àwọn wo ló wà nínú "a"?

Ìjọba pàápàá kì í lo ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Nígbà tí Super Eagles ti Àbíjàn dé pẹ̀lú ipò kejì, Ààrẹ Tinubu fún wọn ní oyè MON, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ilé àti ilẹ̀ ní Abuja. Ní ti ọlọ́kadà wa, ẹgbẹ́ tó pàdánù ife ni wọ́n. Ní ti ìjọba, ipò kejì tó ilé. Mi ò sọ pé kò tọ́ sí wọn. Ẹgbẹ́ tó pàdánù ẹ̀ẹ̀kan nínú méje tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọn kò sọ fún àwọn eléré yòókù ṣáájú pé báyìí ni wọ́n ṣe máa wọ̀n wọ́n. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀ ní pápá ilé ìwé kan ní Ọ̀ṣun kò lè mọ̀ bóyá ipò kẹrin ní gbogbo ayé yóò jẹ́ iṣẹ́ rere tàbí ìtìjú.

Ní oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Àbíjàn tún gbàlejò ìdíje mìíràn, AfroBasket ti àwọn obìnrin, ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá tó wà ní Treichville gan-an, láàárín àwọn Ànàgó. D'Tigress na Mali ní 78 sí 64 nínú àṣekágbá, ìgbà karùn-ún léraléra tí wọ́n gba ife náà nìyẹn. Tí ẹ bá tún pàdé ẹni tó ní Côte d'Ivoire ju Nàìjíríà lọ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ebimpé, ẹ lè rán an létí Treichville, kí ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀-ìṣe tó yọ kúrò.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí mi ò rí tábìlì tó dáhùn rẹ̀. Wúrà Òlíńpíìkì mélòó ni Nàìjíríà ní? Lónìí, mẹ́ta ni. Ní ọdún 2000 ní Sydney, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sá 4x400 mítà, wọ́n ṣe ipò kejì lẹ́yìn Amẹ́ríkà, fàdákà ni wọ́n fún wọn. Ní ọdún 2008, Antonio Pettigrew tó wà nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2012 ni wọ́n wá fi í fún Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tó béèrè ní 2001 àti ẹni tó béèrè ní 2013 gbọ́ òǹkà méjì lórí eré kan náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún gbogbo èyí ni "gbà": a gba ife, a gba wúrà, bí ìgbà tí ènìyàn na ọwọ́ tí wọ́n sì fi nǹkan lé e. Sunday Bada sá eré náà, kò sì gbà á. Ó ti kú ní oṣù Kejìlá, ọdún 2011.